Bí Ẹ Ṣe Lè Tọ́ Ọmọkùnrin Láìrí Ìtọ̀ Rẹ̀

Ìyá ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ. Ọkùnrin lantilanti lẹ bí. Àwọn ìyá kan wà tó ń ṣọ́ ìtọ̀ ọmọkùnrin bí ẹni ń ṣọ́ ẹ̀kọ lórí iná. Ẹ̀yin ò ráyè ìyẹn. Ìlànà mẹ́fà rèé tí ọkàn yín yóò fi balẹ̀.

Èkíní: Ẹ má kà á. Ó yẹ kí ọmọ tuntun ti tọ̀ láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́. Bó bá pé ọ̀sẹ̀ kan, tó sì ń mu ọmú dáadáa, ó kéré tán á tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́. Ìṣirò nìyẹn, ọjọ́ tẹ́ ẹ kúrò nílé ìwé lẹ ti bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò. Bí tiyín bá tọ̀ lẹ́ẹ̀mejì péré, ẹ ní ọmọ tí kì í dani láàmú ni.

Èkejì: Ẹ de pámpásì mọ́ ọn láti àárọ̀ dalẹ́. Ọmọkùnrin tára rẹ̀ le, bẹ́ ẹ bá ṣí aṣọ ìdí rẹ̀ lójijì, ìtọ̀ á ta sókè fìì, á kọjá èjìká yín, á bá ìyá àgbà tó jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ lórí àpótí. Ìyá àgbà á nu ojú, á rẹ́rìn-ín, á ní ọmọ súre fún òun. Pámpásì ò ní í jẹ́ kírú rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Kò sì ní í jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ńṣe ni ti ọmọ yín ń kán tó, tó, tó, bí ẹ̀rọ omi tó bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta: Bó bá ń fún inú mọ́ra, tójú rẹ̀ pọ́n, tó ń ké kí ìtọ̀ tó yọ, ẹ ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Bẹ́ ẹ bá ń fòróró pa á lára, tọ́wọ́ yín ba ohun tó le róbótó bí àgbálùmọ̀ lábẹ́ ìdodo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ̀ tán ni, ẹ ní ó yó.

Ẹ̀kẹrin: Bára rẹ̀ bá ń gbóná, tí kò wúkọ́, tí kò sí kàtá, ẹ ní eyín ló ń hù, ọmọ oṣù méjì náà ni o. Àyẹ̀wò ìtọ̀ ló ń tú kòkòrò inú ìtọ̀ fó, ẹ má gbà kí wọ́n ṣe é. Àgbo ni kẹ́ ẹ rọ fún un, kí kíndìnrín tó ti rẹ̀ lè rí ẹrù kún ẹrù.

Ẹ̀karùn-ún: Bẹ́ ẹ bá rí i pé ihò ìtọ̀ rẹ̀ kò sí ní ṣóńṣó, tó jẹ́ abẹ́ ló wà, ẹ pe olóólà kíá kó wá dá abẹ́ fún un. Awọ tó máa gé sọnù yẹn ni dókítà ì bá fi tún ọ̀nà náà ṣe lọ́jọ́ iwájú.

Ẹ̀kẹfà: Ẹ má kánjú. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tó máa ń dí ọ̀nà ìtọ̀ ọmọ mìíràn láti inú oyún. Ọkùnrin nìkan ló ń ṣe. Ìtọ̀ tí kò rọ́nà jáde á wú àpò rẹ̀, á padà sọ́dọ̀ kíndìnrín: omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Síkáànì oyún lè ti fi kíndìnrín tó wú hàn yín. Ẹ fi ìwé rẹ̀ di àkàrà. Lọ́dún 1919 ni Hugh Hampton Young àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti pín àìsàn yìí sí oríṣi mẹ́ta. Ohun tí wọ́n ti mọ̀ fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ṣé ọ̀la ló máa sá lọ? Rọ́bà tín-ín-rín ni dókítà á kọ́kọ́ fi fa ìtọ̀ náà. Lẹ́yìn náà, irinṣẹ́ tóóró tó níná lẹ́nu lè gba ojú ihò ìtọ̀ wọlé lọ gé awọ ọ̀hún, láìla ikùn. Ìyá tó bá tètè dé ni wọ́n ń ṣèyẹn fún. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?

Ìyá kan wà tí ìlànà yìí ò lè ràn lọ́wọ́: èyí tó ṣí pámpásì láàárọ̀, tó dáwọ́ dúró díẹ̀, tó ń wò. Bí ìtọ̀ bá ta lu ògiri, á wá aṣọ nu ún. Bó bá ń kán tó, tó, tó, á ya á sínú fóònù, á pọn ọmọ lọ sọ́sibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ ò lè yege nínú ẹ̀kọ́ ọ̀gọ̀ láéláé. Ìyá àgbà tí ìtọ̀ bà lójú ló bà á jẹ́.