Ẹṣin Ńlá, Tírélà Kékeré: Ìdáhùn sí Ìṣòro Àwọn Òǹkàwé

Nínú gbogbo ìnáwó tí ọmọ Yorùbá tó ti fìdí múlẹ̀ ní Ìlú Ọba lè dáwọ́ lé lẹ́yìn tó bá ti ra ilé tán, tí kò sì sí ẹni tó lè dá a lẹ́kun mọ́, ẹṣin Shire ni ó ga jù lọ, yálà a fi owó wọ̀n ọ́n ni o tàbí a fi ọ̀pá. Shire ni ẹ̀yà ẹṣin ńlá tí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sìn láti fi tulẹ̀, láti fi fa ọkọ̀ lórí omi nígbà tí ẹṣin fúnra rẹ̀ ń rìn létí odò, àti láti fi kó àgbá bíà kiri ìlú, iṣẹ́ ìkẹyìn yìí ni àwọn ilé ìpọntí kan ṣì ń fi í ṣe títí dòní. Ohun tó mú kí lẹ́tà kún orí tábìlì olùdámọ̀ràn ojú ìwé yìí ni pé ẹranko tí wọ́n ń sìn torí kó lè máa fa ẹrù ti di ẹrù fúnra rẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ gbé e lọ síbi àfihàn tàbí sọ́dọ̀ dókítà ẹran gbọ́dọ̀ wá tírélà ẹṣin, èyí tí í ṣe àpótí onítáyà tí mọ́tò ń fà lẹ́yìn, tí kò sì bá tírélà oníṣìmẹ́ńtì tó ń dí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tan rárá. Àwọn tó kọ̀wé ni ìdáhùn wà fún. Ẹni tí kò ní ẹṣin lè kà á fún ìtùnú.

Òǹkàwé kan ní Lincolnshire, tó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Baba Ẹlẹ́ṣin, ti ra akọ Shire kan tí a ti tẹ̀ lọ́dàá, tí gíga rẹ̀ jẹ́ ọwọ́ 17.3, ó sì ń béèrè tírélà tí àwọ̀ rẹ̀ yóò bá mọ́tò rẹ̀ mu, bẹ́ẹ̀ mọ́tò náà kò ju èyí tí ìyàwó rẹ̀ fi ń lọ ra tòmáàtì lọ. Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni pé kí Baba Ẹlẹ́ṣin so mọ́tò mọ́ ẹṣin, kí ó jókòó sínú mọ́tò, kí ó sì di ìdarí mú, nítorí pé nínú àwọn méjèèjì, ẹṣin nìkan ni ó lè fa èkejì débì kan láìsí ewu. Ìdáhùn kejì, tó wà fún ẹni tí kò bá fẹ́ kí àwọn aládùúgbò máa yọ fóònù sí òun, ni pé ìbéèrè náà gba ẹ̀yìn wọlé: ẹṣin ni a kọ́kọ́ ń wọ̀n, lẹ́yìn náà ni a ń wá tírélà tó gbà á, ìgbà tí a bá sì ti mọ iye tí ẹṣin àti tírélà jọ wọ̀n ni a tó lè mọ irú mọ́tò tó yẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbésẹ̀ kẹta yìí ni ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya.

Ọwọ́ kan tí a fi ń wọn ẹṣin jẹ́ ìǹṣì 4, àmì tó wà láàárín 17 àti 3 kì í sì í ṣe ti ìṣirò ilé ìwé, nítorí pé ohun tó ń sọ ni ọwọ́ 17 àti ìǹṣì 3, èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìǹṣì 71, tàbí sẹ̀ǹtímítà 180. Láti ilẹ̀ dé góńgó èjìká, níbi tí ọrùn ti pàdé ẹ̀yìn, ni a ti ń wọ̀n ọ́n, a kì í wọ̀n ọ́n dé orí, ìdí sì nìyẹn tí àwọn olùrà fi máa ń gbà pé tírélà tó ga ní mítà 2 ti tó, àfi bí ẹni pé ẹṣin yóò fi orí àti ọrùn sílé kó tó máa bọ̀. Fún ẹṣin tó tó báyìí, kí gíga inú tírélà má ṣe dín sí mítà 2.3, bó bá sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé orí àti ọrùn ni ẹṣin fi ń dọ́gba nígbà tí mọ́tò bá ń yà kọ́nà, èyí tí orí rẹ̀ bá sì gbá òrùlé lónìí kò ní fẹ́ wọ ibẹ̀ lọ́la. Bákan náà ni gígùn: Shire tí àyà rẹ̀ kan ọ̀pá iwájú, tí ìdí rẹ̀ tún kan ilẹ̀kùn, yóò máa fi ilẹ̀kùn náà lu ìlù títí dé ibi àfihàn. Kí Baba Ẹlẹ́ṣin sì máa dúpẹ́ pé kì í ṣe Sampson ni òun rà, Shire tí wọ́n bí ní Bedfordshire ní ọdún 1846, tí àkọsílẹ̀ sọ pé ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 219, tí ó sì wọn kílò 1,524, tí wọ́n fi yí orúkọ rẹ̀ padà sí Mammoth. Láyé tirẹ̀, ẹsẹ̀ ni ẹṣin fi ń rìn lọ síbi tó bá ń lọ, kò sì sí ẹni tó ní kí wọ́n fi mọ́tò gbé òun.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni ó le jù, òun sì ni àwọn olùtajà máa ń fi ẹ̀rín músẹ́ kọjá. Shire tó dàgbà lè wọn tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn kílò 1,000, nígbà tí tírélà ńlá tí kò tíì sí nǹkan nínú rẹ̀ lè sún mọ́ iye kan náà. Bí a bá wá ra tírélà tí wọ́n pè ní ti ẹlẹ́ṣin méjì, tí ìwé rẹ̀ sì sọ pé gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù kò gbọdọ̀ ju kílò 2,700 lọ, ẹni tó bá kó Shire méjì sínú rẹ̀ ti dé kílò 3,000 kó tó ka koríko, omi àti gàárì mọ́ ọn. Èyí fi hàn pé tírélà ẹlẹ́ṣin méjì jẹ́ ti ẹlẹ́ṣin kan ṣoṣo nígbà tí ẹṣin bá jẹ́ Shire, kí Baba Ẹlẹ́ṣin sì bi olùtajà bóyá yóò gba ìdajì owó. Lára mọ́tò ni pákó irin kékeré kan wà tí wọ́n kọ ìwọ̀n sí: ìwọ̀n kan jẹ́ ti mọ́tò pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀, ìwọ̀n tó tóbi jù ú lọ sì jẹ́ ti mọ́tò pẹ̀lú ohun tó ń fà, tí a bá sì yọ àkọ́kọ́ kúrò nínú èkejì, a óò mọ iye tí ó lè fà nígbà tí òun náà bá ti kún. Òfin Ìlú Ọba ti gbà láti ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2021 pé kí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ mọ́tò lásán máa fa tírélà tó tó kílò 3,500 láìtún ṣe ìdánwò mìíràn, ṣùgbọ́n àṣẹ tí òfin fún awakọ̀ kò fi agbára kún ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn ìrajà, kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ gun ibi ìwọnkọ̀, níbi tí àwọn onílọ́rì ti ń wọn ẹrù, nítorí pé téèpù tí wọ́n ń yí mọ́ àyà ẹṣin láti fi fojú díwọ̀n rẹ̀ kì í sábà sọ òótọ́ lórí ẹṣin tó tóbi tó báyìí.

Ìyá kan láti Norfolk ní tirẹ̀ ṣàlàyé pé abo ẹṣin òun máa ń dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà tírélà, pé kò sí fífà tí wọn kò fà á tán, àti pé àwọn ẹbí ọkọ òun ti ń sọ lórí fóònù láti Òṣogbo pé ẹṣin náà ń rí ohun tí ojú ènìyàn kò rí. Òótọ́ ni àwọn ẹbí náà sọ, àmọ́ wọn kò mọ̀ pé òótọ́ ni. Ojú ẹṣin ń ríran dáadáa níbi tó ṣókùnkùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í tètè bá òkùnkùn mọ́ra nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú oòrùn bọ̀, nítorí náà ihò dúdú ni ó ń rí níbi tí ènìyàn ti ń rí àpótí tó náni lówó gọbọi; pákó tó sì ń dún gbọ̀ngbọ̀n lábẹ́ pátákò rẹ̀ ń sọ fún un pé ilẹ̀ ibẹ̀ ṣófo. Ẹranko tó jẹ́ pé sísá ni ó fi ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ewu láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kò lè fi ayọ̀ wọ ibi tí kò rí ọ̀nà àbájáde, tọ́ọ̀nù kan sì ni ohun tí àwọn tó di okùn mú ń bá fà á.

Nítorí náà, kí ìyá náà yan tírélà tí inú rẹ̀ funfun, tí fèrèsé rẹ̀ pọ̀, tí ó ní ilẹ̀kùn kékeré níwájú tí a lè ṣí kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tí a ń dà sílẹ̀ kí ẹṣin lè gùn ún wọlé, kò sì dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ jù, kí a sì tẹ́ rọ́bà lé e kí ó má bàa máa dún. Àgánná àárín, ìyẹn ògiri tó pín tírélà sí yàrá méjì, ni kí wọ́n yọ kúrò fún Shire, nítorí pé ẹṣin ńlá máa ń ya ẹsẹ̀ gbòòrò kí ó tó lè dúró re lórí ìrìn, kí wọ́n sì fi ọ̀pá àyà àti ọ̀pá ìdí tó gba gbogbo fífẹ̀ tírélà dípò rẹ̀. Bí àgánná bá wà, tí ẹṣin sì jẹ́ ẹyọ kan, apá ọ̀tún ni ibùdúró rẹ̀ ní Ìlú Ọba, níbi tí mọ́tò ti ń gba apá òsì, tí ojú ọ̀nà sì ń dà sí òsì kí omi òjò lè ṣàn lọ. Ọ̀pá ìdí ni a ń kọ́kọ́ ti lẹ́yìn ẹṣin kí a tó so okùn orí rẹ̀, okùn náà ni a sì ń kọ́kọ́ tú nígbà tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kí a tó ṣí ọ̀pá, nítorí pé ẹṣin tí a so tí kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ yóò fà sẹ́yìn, bí okùn bá sì mú un, yóò jà títí tí nǹkan kan yóò fi já. Níbi kókó yìí, olùdámọ̀ràn kò ṣe àwàdà. Ní ti àwọn ẹbí ọkọ, kí ìyá náà san owó ọkọ̀ wọn láti Òṣogbo, kí ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ wọ inú tírélà, kí ó so koríko gbígbẹ kọ́ síwájú wọn, kí ó sì ti ọ̀pá ìdí: bí ẹṣin bá rí i pé wọ́n jáde láàyè, ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, bí wọn kò bá sì tíì jáde, ilé ti rójú.

Ọlọ́gbọ́n Ọjà láti Kent ti rí tírélà àlòkù kan tó pọ́ọ́kú, tí wọ́n kùn ní ọ̀dà tuntun, tí wọ́n sì tẹ́ ẹní rọ́bà tuntun sí. Ẹní tuntun yẹn gan-an ni ó yẹ kó bà á lẹ́rù. Ìtọ̀ ẹṣin máa ń jẹ pákó, ó sì ń jẹ álúmíníọ́ọ̀mù pẹ̀lú, nítorí náà kí ó ká ẹní kúrò, kí ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ tírélà pẹ̀lú aṣọ tí kò lówó lórí, kí ó sì máa fi ṣíkírúdíráfà gún pákó láti ìsàlẹ̀, pàápàá ní ẹ̀gbẹ́ àti níbi tí irin ti gbé e. Ibi tí irin náà bá ti wọlé wọ́ọ́rọ́, kí ó dìde kí ó máa lọ ilé rẹ̀. Bí olùtajà bá bínú, kí Ọlọ́gbọ́n Ọjà ní kí ó bọ́ sínú tírélà kí ó jó bàtá lórí pákó ọ̀hún, ṣùgbọ́n bí pákó bá gbà á, kò tíì jẹ́ ẹ̀rí, nítorí pé ẹsẹ̀ Shire kan ṣoṣo ń gbé bíi kílò 250 nígbà tó bá dúró jẹ́jẹ́. Kí ó wo ẹ̀gbẹ́ táyà pẹ̀lú, níbi tí òǹkà mẹ́rin wà, tí 3218 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 32 ọdún 2018 ni wọ́n ṣe táyà náà: tírélà tó ń dúró sójú kan ní ọ̀pọ̀ oṣù máa ń ní táyà tí ojú rẹ̀ ṣì jinlẹ̀ bíi tuntun, tí ara rẹ̀ sì ti gbó. Kí ó tún rí i pé okùn ààbò wà, ìyẹn okùn tó ń fa bíréèkì tírélà fúnra rẹ̀ bí ó bá já kúrò lẹ́yìn mọ́tò.

Ọ̀dọ́kùnrin kan láti Birmingham kò béèrè tírélà rárá. Ohun tó ń dùn ún ni pé àbúrò òun ti ń dúró de ìwé ìgbélùú láti ọjọ́ tó ti pẹ́, nígbà tí ẹṣin ọ̀rẹ́ òun ti ní páásípọ́ọ̀tù. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí: òfin sọ pé gbogbo ẹṣin gbọ́dọ̀ ní páásípọ́ọ̀tù, pé ìwé náà gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ nígbà tí a bá ń gbé e rìn, láti oṣù Kẹwàá ọdún 2020 sì ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti béèrè pé kí ẹṣin kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ ìdánimọ̀ tíńtín ní ọrùn. Kí àbúrò má ṣe ronú àtigba ọ̀nà yẹn, nítorí pé lóòótọ́ ni wọn kì í fún ẹṣin ní ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n eyín ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀, ọjọ́ orí tí àbúrò sì kọ sínú fọ́ọ̀mù lè má bá eyín mu.

Ẹni ìkẹyìn, ọmọ Ìjẹ̀bú kan ní London, fẹ́ gbé Shire rẹ̀ lọ sí Ojúde Ọba, àjọ̀dún tí àwọn ìdílé jagunjagun máa ń gun ẹṣin wá júbà níwájú Awùjalẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, ó sì ń béèrè tírélà tó lè gbà á lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Tírélà tó lè gbà á wà, ẹṣin náà ni kò ní gba Ìjẹ̀bú. Àwọn Ọ̀yọ́ tó fi ẹṣin jagun láyé àtijọ́ pàápàá, láti òkè Ọya ni wọ́n ti ń ra púpọ̀ nínú àwọn ẹṣin wọn, nítorí pé eṣinṣin tsetse ń kó àrùn ẹ̀jẹ̀ ran ẹṣin, kì í sì í jẹ́ kí wọ́n pẹ́ láyé ní ìhà igbó; ká má tíì sọ ti ooru, lára ẹṣin tí irun gígùn bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé pátákò. Kí ọmọ Ìjẹ̀bú náà fi owó ọkọ̀ òfurufú dá sányán tó bá a mu, kí ó yá ẹṣin kan lọ́wọ́ ìdílé tó ní, kí ó sì fi àwòrán Shire sínú fóònù rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bi í léèrè ìdí tí ènìyàn ńlá bíi tirẹ̀ fi ń gun ẹṣin kékeré, kí ó sọ pé ńlá náà wà ní Ìlú Ọba, tírélà ni ó ń dúró dè.