Àgúnmu Òwò, Olólùfẹ́ Ló Ń Mu Ún

Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ẹni tó pa òwe yìí mọ ọjà dunjú. Ó mọ̀ pé ẹni tó gbé mọ́ínmọ́ín kọ́rí tí kò lanu sọ̀rọ̀, bó ṣe gbé e jáde nílé ni yóò gbé e padà wọlé. Ó sì mọ̀ pé ẹni tó bá fi ohùn dídùn kígbe pé tòun ń gbóná fẹlifẹli, kí oòrùn tó kàtàrí ni yóò ti máa fọ igbá. Kò sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀. Oníbàárà á ní kó sọ igbá kalẹ̀, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ewé, bí kò bá gbóná á ní òun ò rà, ọlọ́jà á sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí òwe náà fi sílẹ̀ láìdáhùn, bóyá nítorí pé láyé ẹni tó pa á, ìdáhùn rẹ̀ hàn sí tọmọdé tàgbà: bó bá jẹ́ òwò ló ń ṣàìsàn, ta ló yẹ kó mu àgúnmu? Lóde òní, òwò á dùbúlẹ̀ àìsàn, àwọn oníṣègùn rẹ̀ á gún egbò, wọ́n á kù ú, wọ́n á sì gbé ife rẹ̀ fún ọmọkùnrin kan tó ń wá ìyàwó. Yóò mu ún tán, òwò á dìde ńlẹ̀, òun alára á ṣubú sínú gbèsè, á sì máa pe gbèsè náà ní ìfẹ́.

Ọ̀nà tí òrùka dáyámọ́ńdì fi di dandan fún olólùfẹ́ ni ẹ̀rí tí mo mú wá. Kí ó tó di nǹkan bí ọdún 1870, òkúta yìí ṣọ̀wọ́n lóòótọ́. Íńdíà àti Brazil ló ti ń wá, àwọn ọba àti ọlọ́lá ló sì ń lò ó. Ìgbà tó yá ni wọ́n kàn án ní Gúúsù Áfíríkà, ní àdúgbò tó di ìlú Kimberley, ó sì pọ̀ débi pé ẹ̀rù ba àwọn tó ń wà á fúnra wọn, nítorí ohun tó bá kún ọjà kì í pẹ́ di ọ̀pọ̀. Lọ́dún 1888, Cecil Rhodes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ibi ìwakùsà náà pọ̀ di ilé iṣẹ́ De Beers, kí wọ́n lè máa fi ṣíbí bu òkúta sí ọjà ayé. Ọgbọ́n yìí ràn wọ́n lọ́wọ́ títí ọ̀dá owó fi kọlu gbogbo ayé lẹ́yìn ọdún 1929. Òkúta wà nílẹ̀ pelemọ, olùrà ò sí. Ní 1938, Harry Oppenheimer, ọmọ alága De Beers, lọ sí New York láti rí Gerold Lauck, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìpolówó N. W. Ayer. Aláìsàn dé ilé oníṣègùn nìyẹn.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe po egbòogi náà. Òfin Amẹ́ríkà tí kò fẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo gbá gbogbo ọjà mọ́ra kò gba De Beers láyè láti tajà níbẹ̀ ní tààrà, nítorí náà ìpolówó Ayer kò darí ẹnikẹ́ni sí ìsọ̀ lágbájá tàbí tàmẹ̀dò. Ìfẹ́ ni wọ́n polówó, wọ́n kàn fi òkúta há a lẹ́nu ni. Wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ayàwòrán ńlá bíi Picasso àti Dalí ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ nínú ìwé ìròyìn. Wọ́n rí i dájú pé àwọn òṣèré sinimá Hollywood wọ òkúta lọ síbi tí àwọn ayafọ́tò wà. Wọ́n tún ń rán àwọn olùbánisọ̀rọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama láti bá àwọn ọmọbìnrin sọ̀rọ̀ nípa òrùka, kí ọmọ tí kò tíì ní àfẹ́sọ́nà lè ti mọ irú òkúta tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú wá. Lọ́dún 1947, Frances Gerety, ọ̀kan lára àwọn tí ń kọ̀wé ìpolówó nílé iṣẹ́ yìí, gbé gbólóhùn kékeré kan kalẹ̀ tó ní dáyámọ́ńdì wà títí láé. Láti 1948 ni gbólóhùn yìí ti ń bá ìpolówó wọn rìn. Ní 1999, ìwé ìròyìn Advertising Age kéde pé òun ló ta yọ jù lọ nínú gbogbo gbólóhùn ìpolówó ọ̀rúndún náà, ọdún yẹn kan náà sì ni Gerety di olóògbé. Kò lọ́kọ rí. (Kò sóhun tó burú ńbẹ̀ o. Ta ló sọ pé dandan ni kí oníṣègùn máa mu nínú egbòogi tó pò fún ẹlòmíì?)

Ṣé òótọ́ ni pé òkúta yìí wà títí láé? Lọ́dún 1772, Antoine Lavoisier, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, fi dígí ńlá kó ìtànṣán oòrùn jọ sára dáyámọ́ńdì, ó sì jó o di afẹ́fẹ́. Èròjà tó wà nínú èédú ló wà nínú rẹ̀, iná tó bá gbóná tó yóò sun ún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi iná wádìí gbólóhùn Gerety kò tíì mọ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ọjọ́ orí òkúta kọ́ ló ń sọ, àṣẹ ló ń pa fún ẹni tó wọ̀ ọ́: má tà á. Òkúta tí àwọn obìnrin ayé ti wọ̀ sọ́wọ́ pọ̀ lọ jàra. Bí wọ́n bá kó o padà wá sọ́jà, òwò náà á tún wólẹ̀, àfi kí ẹnìkan ti fọgbọ́n sọ ọ́ di èèwọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ra òrùka lánàá gbé e padà lọ sí ìsọ̀ lónìí. Oníṣòwò á ki awò kékeré bọ ojú kan, á yí òkúta náà síhìn-ín sọ́hùn-ún lábẹ́ iná, á mí kanlẹ̀, lẹ́yìn náà á wá dá iye kan tí yóò jẹ́ kí ọkùnrin náà rò pé ó ṣì dárúkọ owó ni. Àwọn ìyá wa tí ń ra wúrà sínú àpótí kò gba irú ìyà bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé lọ́jọ́ tí owó ilé ìwé ọmọ bá dé, alágbẹ̀dẹ wúrà á gbé e sórí ìwọ̀n, á sì sanwó bó bá ṣe wúwo tó. Òwe wa ní ẹni tó bá ta ọjà erùpẹ̀ yóò gba owó òkúta. De Beers gbọ́n ju òwe yẹn lọ: òkúta ni wọ́n tà, owó gidi ni wọ́n gbà.

Iye tí olólùfẹ́ máa san náà, àwọn ni wọ́n ṣírò rẹ̀ fún un. Ní Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1980, ìpolówó ń sọ fún ọkùnrin pé owó oṣù méjì ló yẹ kó fi ra òrùka. Ní Japan wọ́n ní oṣù mẹ́ta. Bí oníṣu kan ní Bódìjà bá bi oníbàárà pé, "Ẹ̀gbọ́n, èló ni wọ́n ń san fún yín lóṣù?" kí ó tó dá iye lé iṣu, gbogbo ìsọ̀ ni yóò bá wọn dá sí i. Àmọ́ nígbà tó jẹ́ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi bo ìwọ̀n lójú, ọmọkùnrin tó kàwé gboyè ń fi ìwé owó oṣù rẹ̀ lé ọlọ́jà lọ́wọ́, ó sì ń tọrọ àforíjì pé kò pọ̀ tó.

Japan gan-an ni mo máa fẹ́ kí ẹ wò dáadáa, nítorí àwọn tó bá ń sọ pé àṣà àtayébáyé ni òrùka yìí lè fi í kọ́gbọ́n. Níbẹ̀, kí wọ́n tó gbọ́ nípa òrùka olókùúta, ọkọ àti ìyàwó á jùmọ̀ mu ọtí ìrẹsì nínú ife kan náà. Ní 1967, tí De Beers gbé iṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ ìpolówó J. Walter Thompson, àwọn ìyàwó tí ń gba òrùka dáyámọ́ńdì kò tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwòrán jáde: obìnrin Japan tó wọ aṣọ òyìnbó, tó ń gẹṣin tàbí tó ń wọkọ̀ ojú omi, tí òkúta ń dán lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó fi di 1981, nǹkan bí ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ló ń gbà á. Ọdún mẹ́rìnlá péré! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí ìpolówó bẹ̀rẹ̀ kò tíì kúrò nílé ẹ̀kọ́ girama tí ohun náà fi di àṣà. Wọn ò sì dúró níbẹ̀. Àwa a máa sọ pé bí ìyàwó bá mọ ọkọ tán, alárinà á yẹ̀ bá. Alárinà tiwọn kò yẹ̀ síbì kankan. Nígbà tí òkúta kéékèèké láti Siberia ń ya wọ ọjà, tí wọ́n kéré jù fún òrùka àfẹ́sọ́nà, ìpolówó bá padà sílé àwọn tó ti ṣègbéyàwó tipẹ́, ó ní ọkọ tó bá ṣì fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ gbọ́dọ̀ ra òrùka mìíràn fún un, èyí tí wọ́n to òkúta wẹ́wẹ́ yí ká, kí ìfẹ́ lè di ọ̀tun.

Ní Èkó wa ńkọ́? Fíìmù àti fídíò orí fóònù ló gbé àgúnmu náà dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì ti mú àwọn tí kò mọ De Beers rí rárá. Bí Fẹ́bírúárì 14, ọjọ́ àwọn olólùfẹ́, bá dé, ẹ lọ sí àwọn mọ́ọ̀lù ńlá ní Ìkẹjà tàbí Lẹ́kí. Ọmọkùnrin kan á kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan láàárín èrò, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á máa ká fídíò, ọmọbìnrin á fọwọ́ bo ẹnu bí ó ṣe rí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ tí wọ́n ṣe é. Òkúta tí ń kọ mànà nínú ọ̀pọ̀ àwọn òrùka wọ̀nyẹn kò dé Kimberley rí, ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ṣe é. Àwọn ilé iṣẹ́ ayánilówó orí fóònù, àwọn tí ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ dójú ti ajigbèsè lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ọ̀gá níbi iṣẹ́, ló sì yá ẹlòmíràn lówó tó fi ra tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọmọbìnrin kan náà yìí ṣì ń bọ̀ wá ṣe ìdána. Lọ́jọ́ náà, alága ìjókòó á ní kó lọ mú ohun tó wù ú jù lọ nínú gbogbo ẹrù tó wà nílẹ̀. Á kọjá lára iṣu, á kọjá lára oyin àti ìrèké, á gbé Bíbélì tàbí Kùránì, òrùka á sì wà lára rẹ̀ tí wọ́n fi rìbọ́ọ̀nù so mọ́ ọn. Ariwo á sọ. Kò sẹ́ni tó bèèrè iye rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní: ṣé obì àti orógbó ló wá níye lórí? Ṣebí àwa la sọ wọ́n di ohun ńlá? Ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dá ènìyàn ò lè ṣe kó má fi nǹkan ṣe àmì ìfẹ́, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni máa fẹ́ ìyàwó lọ́wọ́ òfo. Ṣùgbọ́n obì ìdána, pípa ni wọ́n ń pa á, wọ́n á pín in, àlejò tí kò mọ orúkọ ọkọ á jẹ níbẹ̀. Igi rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, àna kan ò sì ní kí wọ́n fi owó oṣù mẹ́ta rà á. Àwa náà ò mọ́ tónítóní o. Ìwé ẹrù tí àwọn ẹbí mìíràn ń kọ ránṣẹ́ báyìí, pẹ̀lú fíríìjì àti jẹnẹrétọ̀, àti aṣọ ẹbí tí ń sọ ọ̀rẹ́ di ọ̀tá, ọmọ ìyá òrùka oṣù mẹ́ta ni wọ́n. Ẹlòmíì á tún ní owó tí ọkùnrin ná ló fi hàn pé kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Lọ́dún 2014, Andrew Francis àti Hugo Mialon, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé ní Yunifásítì Emory, bi àwọn ará Amẹ́ríkà tó lé ní 3,000 tí wọ́n ti ṣègbéyàwó rí léèrè ọ̀rọ̀. Láàárín àwọn ọkùnrin, ìkọ̀sílẹ̀ súnmọ́ àwọn tó fi dọ́là 2,000 sí 4,000 ra òrùka ju àwọn tó ná 500 sí 2,000 lọ. Àwọn tí èrò pọ̀ níbi ìgbéyàwó wọn ni tiwọn ń tọ́jọ́. Ẹ lè ní kì í ṣe òrùka ló tú ilé ká, pé nǹkan mìíràn lè fà á, n kò sì ní bá yín jiyàn. Ohun tí kò ṣe é sọ ni pé owó òrùka so ilé ró. Èyí sì ni ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi tà á.

Àwọn oníṣègùn náà mọ ohun tó wà nínú ife. Lọ́dún 2018, De Beers fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ta dáyámọ́ńdì tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́, lábẹ́ orúkọ Lightbox, 800 dọ́là fún káráàtì kan nígbà náà. Èròjà kan náà ló wà nínú rẹ̀ àti èyí tí wọ́n wà láti inú ilẹ̀. Wọ́n wá ní èyí lè má jẹ́ ti títí láé, pé ó dára fún ìsinsìnyí. Òkúta kan náà, ọ̀kan wà títí láé, èkejì wà fún fàájì, owó tí wọ́n fẹ́ gbà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ló yàtọ̀.

Ẹ̀yin ọmọkùnrin tí ẹ ń fi Fẹ́bírúárì dá ìgbà, ẹ ra òrùka bó bá wù yín, ẹ sì fẹ́ ìyàwó yín tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ọlọ́jà léèrè iye tí òun alára yóò fi rà á padà lọ́wọ́ yín lọ́la, kí ẹ sì jẹ́ kí ìyàwó wà níbẹ̀ nígbà tó bá ń dáhùn.