Onílé Dé, Ilẹ̀kùn Ti Kúrò Níbẹ̀

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Àwọn àgbà yẹn kò fi Linux sílẹ̀ padà sí Windows rí. Ká ní wọ́n ṣe é ni, wọn ì bá ti kìlọ̀ fún onílé pé kó kọ́kọ́ béèrè bóyá ilẹ̀kùn ṣì wà níbi tó fi í sí.

Ẹ mọ irú ẹni tí mò ń wí. Ó bínú sí Windows nítorí fáírọ́ọ̀sì, ó kó lọ sí Ubuntu, irú Linux kan tí Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, gbé jáde ní 2004. Ó ń wàásù kiri: ọ̀fẹ́ ni, ọmọ Áfíríkà ló ṣe é! Nígbà tó yá, púríńtà kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ọ̀gá ọ́fíìsì ń béèrè fáìlì Excel, ìwàásù parí. Ó ní òun ń lọ sílé, níbi tí òun ti mọ gbogbo kọ̀rọ̀.

Kọ̀rọ̀ wo? Láti 1995 ni bọ́tìnì Start ti jókòó jẹ́ẹ́ ní igun apá òsì nísàlẹ̀. Ní 2012, Windows 8 dé, wọ́n yọ ọ́ dànù, wọ́n fi ojú tuntun tó bo gbogbo ẹ̀rọ rọ́pò rẹ̀. Ariwo ta. Ní 2013, wọ́n dá bọ́tìnì padà, ṣùgbọ́n bí o bá tẹ̀ ẹ́, ojú kan náà tí ò ń sá fún ló ń gbé ọ lọ. Ó di 2015 kí Windows 10 tó bẹ̀ wá. Ara ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tù wá ni Windows 11 wọlé ní 2021, ó gbé bọ́tìnì wá sáàárín. Ẹni tó ti ń fi Windows tẹ lẹ́tà láti ayé Abacha wá jókòó síwájú ẹ̀rọ, ó ń wo igun, ọmọ tó bí ló ń sọ fún un pé, "Dádì, àárín ni, ẹ wo àárín."

Ìyẹn bí wọ́n bá gbà á wọlé o. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí kò ní ẹ̀yà ààbò TPM 2.0, Windows 11 kò fẹ́ rí i sójú, Microsoft sì ti jáwọ́ nínú títọ́jú Windows 10 ní October 2025. Bí ẹ̀rọ bá tiẹ̀ yẹ, Windows 11 Home á ní kó tan íntánẹ́ẹ̀tì, kó mú àkáǹtì Microsoft wá. Láàpútọ́ọ̀pù tó fowó ara rẹ̀ rà ní Computer Village, Ìkẹjà, ló ń bi í pé ta nìyẹn! Dátà tó yẹ kó fi wo bọ́ọ̀lù ló fi ń dáhùn. Ó wọlé tán, OneDrive ti ń kó ìwé rẹ̀ lọ sójú sánmà. 5 gígábáìtì ni ọ̀fẹ́, ó kún, ó kan owó.

Ẹ má rò pé mẹ̀kúnnù nìkan ló ń jẹ ìyà yìí. Ní 2003, Steve Ballmer, ọ̀gá àgbà Microsoft nígbà náà, fi ìsinmi rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ bá Christian Ude, olórí ìlú Munich ní Jámánì, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n má fi Windows sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìlú dìbò fún Linux. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi kó ẹrù, kọ̀ǹpútà tó sún mọ́ 15,000. Ude kúrò lórí àga ní 2014. Ní 2017, ìgbìmọ̀ tún dìbò, ó di Windows, ìnáwó tí wọ́n ṣírò sì tó nǹkan bí 50 mílíọ̀nù Euro. Ní 2020, àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso ìlú kọ ọ́ sínú àdéhùn wọn pé níbi tó bá ti ṣeé ṣe, irú sọ́fítíwíà bíi Linux ni káwọn máa lò. Alágbàáṣe tó ń bá wọn kó ẹrù kò ní kú sípò òṣì.

Ballmer yìí kan náà ló fi Linux wé àrùn jẹjẹrẹ ní 2001. Kò tíì pẹ́ tó fẹ̀yìn tì tí Microsoft fi gbé Linux sínú Windows 10 gan-an, ní 2016. Ní 2024, wọ́n tún fi sudo, àṣẹ tí àwọn ọmọ Linux ń tẹ̀ tàárọ̀ tálẹ́, kún Windows 11. Ude ì bá kúkú ti gba ẹ̀bẹ̀, kó fọwọ́ lẹ́rán fún ọdún mẹ́tàlá péré. Linux ì bá wá bá a nílé, Microsoft ì bá sì fi owó ọkọ̀ rẹ̀ kún owó Windows.