Ọjọ́ Orí Ìyá Alákàrà

Ẹ sún mọ́bí, kó má baà gbọ́. Ẹ ṣáà mọ Ìyá Alákàrà tó ń dín àkàrà nítòsí géètì ẹ́sítéètì Agbára? Kì í ṣe àṣà mi láti máa sọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, àmọ́ èyí ń yún mi lẹ́nu.

Ìparí 2020 ni, nígbà tí ìjọba ní ká lọ so fóònù wa mọ́ NIN, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn á tì í pa. Èmi àtìyá jọ lọ. A tò títí ẹsẹ̀ fi wú. Nígbà tó kàn wá, ọmọ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ní, "Màmá, ọdún wo ni wọ́n bí yín?"

Ìyá ní òun ò mọ ọdún, àmọ́ ẹni àádọ́ta ọdún lòun. Ọmọ náà ní kí wọ́n rántí nǹkan kan ní kékeré wọn. Hà! Ojú ìyá tàn.

"Ọjọ́ tí mọ́tò pààrọ̀ ọwọ́, ẹ̀pà ni mò ń kiri. Apá ọ̀tún tó ti mọ́ mi lára ni mo wò kí n tó sọdá, àfi pìììn lápá òsì! Gbogbo ẹ̀pà dà nù."

April 2, 1972 lọjọ́ yẹn, tí Nàìjíríà fi apá òsì sílẹ̀, tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá ọ̀tún. Èmi ṣírò rẹ̀ nínú mi: ọmọ ọdún méjì ń kiri ẹ̀pà! Bóyá ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló ti ń polówó.

"Àkọ́bí yín ńkọ́?"

"Ọdún Ghana Must Go."

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, báàgì lẹ mọ̀ sí Ghana Must Go. Èèyàn làwa mọ̀ ọ́n sí. Ní January 1983, ìjọba Shàgàrí fún àwọn àjèjì tí ò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọ̀nà Badagry wa níbí ni wọ́n gbà lọ sí Sẹ̀mẹ̀, tọ̀sán-tòru, lórí lọ́rì. Ghana sì ti ti ẹnubodè tirẹ̀ pa. Ó di ìparí oṣù kí Rawlings, olórí wọn, tó ṣí i. Ìyá ní àkàrà òun kì í dé inú igbá tí wọ́n fi ń rà á tán. Ìdí epo ló wà tí ọmọ fi mú un. Obìnrin Ghana kan tí wọ́n jọ ń gbélé ló gbẹ̀bí rẹ̀. Ó dá ìwọ́ ọmọ tán, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Wọn ò fojú kanra wọn mọ́.

"Ìgbéyàwó ńkọ́, Màmá?"

"Ọdún tí Bùhárí pa àwọ̀ náírà dà. Owó àtijọ́ ni ọkọ mi gbé wá sanwó orí, bàbá mi ní kó gbé e padà."

Ọkọ ọ̀hún, nínú ẹ́sítéètì tí Olóyè Adéyẹmí Lawson dá sílẹ̀ yìí ló ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ọ̀lẹ o. Ṣùgbọ́n April 1984 ni owó pààrọ̀! Mo ka ìka ọwọ́, mo ka tẹsẹ̀ mọ́ ọn. Ìyá tó bú ọmọ Ìyá Ìbejì pé ó lóyún kó tó wọlé ọkọ! Ó ní láyé tàwọn, kò sí irú ẹ̀.

Iṣẹ́ ti sú ọmọ kọ̀ǹpútà. Ó kọ 1970 síbẹ̀, ó ní ẹni tó kàn. Títí dòní, lójú ìjọba, ọdún 13 péré ni Ìyá Alákàrà fi ju àkọ́bí rẹ̀ lọ.