Ìyá Alákàrà Ti Orí Òkè Dé

Ẹ jókòó, ẹ gbọ́. Ìyá Alákàrà ilé wa ti ti orí òkè àdúrà dé láti ìrọ̀lẹ́ àná. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta gbáko lòun fi dákẹ́ jẹ́ẹ́ níwájú Ọlọ́run, tí ọkàn òun kò yà síbì kankan. Ó dáa. Ta ló wá pè mí lóru ọjọ́ kejì, tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, tó ń bi mí pé ta ló ń bu omi inú dúrọ́ọ̀mù òun? Mo ń gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ń gbowó cháàjì fóònù lọ́hùn-ún, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀? Èèyàn ń gbààwẹ̀, bátìrì ń jẹun!

Kí n má gbàgbé: omi yẹn, èmi kọ́ ni mo bù ú o. Ọmọ ọ̀dọ̀ Landlọ́ọ̀dù ni.

Mi ò bá òkè jà. Inú ìjọ Àpọ́sítélì ni wọ́n bí mi sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo wòlíì ìjọ náà, Joseph Ayọ̀ Babalọlá fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì ló ń wà fún ìjọba. Ìtàn ìjọ ní ẹ̀rọ yẹn ló dákú mọ́ ọn lọ́wọ́ ní 1928, ibi tó ti ń wá bó ṣe máa tún un ṣe ló ti gbọ́ ohùn. Àwẹ̀ tẹ̀ lé e lóòótọ́, ìsọjí Òkè-Oòyè n'Íléṣà náà dé ní 1930, tí èrò ń rọ́ gbé omi wá fún àdúrà. Ṣùgbọ́n ẹnu iṣẹ́ ni ìpè ti bá a.

Tiwa ńkọ́? Ìyá Alákàrà ń ka orí òkè bí ẹni ń ka aṣọ ẹbí. Ó ti gun tÈkìtì, ó ti gun t'Ọ̀ṣun, ó wá ń pe àwa yòókù ní ẹlẹ́ran ara. Láàárọ̀ yìí, ó jẹ́rìí àlàáfíà ọkàn tán, ló bá gbá ọmọ rẹ̀ létí torí àkàrà tó jóná. Ta ló jẹ́ kó jóná? Òun ló ń ka WhatsApp ẹgbẹ́ aládùúrà nídìí epo gbígbóná!

Ẹ wá wo Bàbá Alùfáà yàrá iwájú. Lẹ́yìn ìrun Iṣáì, wọ́n á mú tẹ̀sùbáà, wọ́n á jókòó sórí àpótí. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọmọdé kan mú bàtà tó já wá bá wọn. Wọ́n fi tẹ̀sùbáà kọ́rùn, wọ́n fi okùn ran bàtà náà, wọ́n ní kó rìn kí wọ́n rí i, wọ́n tún padà sídìí ohun tí wọ́n ń ṣe. Mi ò gbọ́ kí wọ́n ròyìn ara wọn rí. Èmi ni mò ń ròyìn wọn, iṣẹ́ mi sì ni.

Ìyá Alákàrà tún ń gbáradì fún òkè míì lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ní power bank kó lọ yá a, torí kò níí rí tèmi gbé mọ́.