Ohun Tí Ọwọ́ Púpọ̀ Fẹ̀sọ̀ Mú

Àwọn baba wa ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í ni ni lára. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, n kò sì jẹ́ bá àgbà jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń pa òwe náà, ọwọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ní lọ́kàn, ọwọ́ ẹni tí ó mọ ohun tí òun ń mú, tí ó sì mọ ẹni tí ó ni ín. Wọn kò rò ó dé ọjọ́ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn yóò ti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé wọ ọkọ̀ òfuurufú, tí olúkúlùkù yóò gbé àpò ńlá kọ́ ẹ̀yìn, tí wọn yóò ya bo ìlú kékeré kan létí odò, tí gbogbo wọn yóò sì máa fẹ̀sọ̀ mú un lẹ́ẹ̀kan náà.

Luang Prabang ni ìlú tí mo ń wí, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Laos, lórí ilẹ̀ ṣóńṣó tí odò Mekong àti odò Nam Khan jọ fọwọ́ gbá mọ́ra kí wọ́n tó pàdé. Ibẹ̀ ni Fa Ngum ti gorí oyè ní 1353, tí ó sì dá ìjọba Lan Xang sílẹ̀, ìjọba tí ó fi mílíọ̀nù erin ṣe oríkì. Ibẹ̀ ni Ọba Setthathirath kọ́ Wat Xieng Thong sí ní nǹkan bí ọdún 1560, tẹ́ḿpìlì tí òrùlé rẹ̀ gun orí ara wọn tí ó ń wá sílẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Àwọn Faransé jẹ gàba níbẹ̀, wọ́n sì lọ. Ìjọba ọba parí ní 1975, ààfin sì di ilé tí à ń sanwó wọ̀ láti wo ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ní 1995 àjọ UNESCO kọ orúkọ ìlú náà sínú ìwé ogún àgbáyé, ìwé kan náà tí wọ́n kọ igbó Ọ̀ṣun ti Òṣogbo sí ní 2005, àwọn ènìyàn sì gbọ́ níbi gbogbo pé ibì kan wà tí ayé kò ti yára.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àlejò tí ó gbọ́ ìròyìn náà ní Rọraṣe, nítorí wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ kan fi gbọdọ̀ tó gbogbo wọn. Rọraṣe, ọmọ agbẹ́rù-bí-abuké-rìn-jìnnà, ọmọ a-wọ-ṣòkòtò-alámì-erin-má-tíì-rí-erin, ọmọ a-jí-béèrè-kọfí-kí-ó-tó-béèrè-orúkọ-ìlú, ọmọ a-fowó-ọkọ̀-òfuurufú-ṣòfò, tí ó bá ọlọ́jà alẹ́ dunàádúrà títí ojú ìyálọ́jà fi ń pọ́n. Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ni àpò ẹ̀yìn rẹ̀ ń tẹ̀ lé e wọ ilé oúnjẹ, tí ó ń fi ń gbá ife ṣubú lórí tábìlì ẹlòmíràn. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òyìnbó nìkan ni o. Ó wà láàrin àwọn ọmọ Yorùbá tí a bí sí London pẹ̀lú, àwọn tí kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ìlú bàbá wọn.

Ọ̀nà tí Rọraṣe ń gbà wọ̀lú ni kí á kọ́kọ́ wò. Láti Huay Xai ní ẹnu ààlà Thailand, ọjọ́ méjì ni ọkọ̀ onígi gígùn kan fi ń tọ Mekong sọ̀kalẹ̀, tí àwọn èrò ń sun òru àárín ní Pakbeng. Ìjókòó tí wọ́n tú lára ọkọ̀ akérò àtijọ́ ni wọ́n sì tò sórí pákó inú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá yà, ìjókòó mìíràn a bá a yà. Inú Rọraṣe ń dùn ṣìnkìn. Ó ní ìrìn àjò tòótọ́ nìyí, ìrìn tí ń fọ ọkàn mọ́. Obìnrin ará abúlé tí ó wọ ọkọ̀ náà tòun ti àpò ìrẹsì rẹ̀, tí kò rí ọ̀nà mìíràn gbà délé, kò mọ̀ rárá pé òun ń fọ ọkàn mọ́. Ó kàn rò pé ọkọ̀ náà ń pẹ́ jù ni.

Láti oṣù Kejìlá 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tí àwọn ará Ṣáínà bá wọn ṣe ti ń gbé ènìyàn láti Vientiane dé Luang Prabang ní nǹkan bí wákàtí méjì péré, ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì máa ń fi ọ̀pọ̀ wákàtí pọ́n òkè yípo yípo kí ó tó yọ. Rọraṣe kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ọkọ̀ yìí sétí. Ó ní àwọn tí ń wọ̀ ọ́ kò mọ adùn ayé, pé wọ́n ń sáré wò, wọ́n ń sáré yàwòrán, wọ́n ń sáré lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń sáré lọ, ó lọ ná. Rọraṣe ni kò lọ, òun tí ó ti rí yàrá olówó pọ́ọ́kú, tí ó sì ń fi ọ̀sẹ̀ kún ọ̀sẹ̀ kí ó lè mọ ìlú náà dáadáa.

Ohun tí ó wá mọ̀ jù ni sàráà òwúrọ̀, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ sì ni ó ń dùn mí. Kí àkùkọ tó kọ ni àwọn ìyá ilé ti ń fi oru gbígbóná se ìrẹsì alálẹ̀mọ́. Nígbà tí ojú ọ̀run bá ń là, wọn a bọ́ bàtà, wọn a ta aṣọ kan kọ́ èjìká, wọn a kúnlẹ̀ lẹ́bàá títì pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ kékeré oníparun lẹ́sẹ̀ wọn. Àwọn mọ́ńkì, ìyẹn àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn ibẹ̀, a sì jáde láti inú tẹ́ḿpìlì wọn, láìwọ bàtà, nínú aṣọ aláwọ̀ ọsàn, àgbà níwájú, ọmọdékùnrin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fá lórí lẹ́yìn pátápátá. Ìyá a fi ìka bu ìrẹsì díẹ̀, a fi sínú abọ́ ẹni àkọ́kọ́, a tún bu fún ẹnì kejì, láì wojú, láì sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tí ń dúpẹ́, nítorí nínú ẹ̀sìn wọn ẹni tí ó fúnni ni ó rí oore gbà.

Rọraṣe, tí oorun rẹ̀ kì í dá kí aago mẹ́wàá tó lù, ti jí de èyí. Ó sì mọ̀wà hù, kí a má purọ́ mọ́ ọn: kò pariwo, kò rẹ́rìn-ín, ó ń yọ́ rìn. Ó fẹ̀sọ̀ sún mọ́ mọ́ńkì kan, ó fẹ̀sọ̀ gbé fóònù sókè, iná fọ́tò bù yẹ̀rì sí ọmọ ọdún mẹ́wàá lójú. Ẹnì kejì rẹ̀ fẹ̀sọ̀ sún síwájú rẹ̀ nítorí pé orí Rọraṣe ń dí i lójú. Àkọlé wà lẹ́bàá títì tí ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jìnnà díẹ̀. Wọ́n ka àkọlé náà, wọ́n sì yà á ní fọ́tò. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ń jà ni, à bá pe ọlọ́pàá. Ta ni yóò lé ẹni tí ń rọra?

Ní ìparí ìlà náà, àwọn ọmọ tálákà a máa kúnlẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n òfìfo, mọ́ńkì kékeré a sì bu nínú ìrẹsì tí wọ́n fún un sínú rẹ̀. Rọraṣe kì í ya ìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ kò tó níbẹ̀.

Ilé tí ó sì ń sùn ńkọ́? Ilé ìdílé ni tẹ́lẹ̀, ilé onígi lórí òpó, tí ìyá àgbà ti ń jáde kúnlẹ̀ láàárọ̀. Àlejò pọ̀, owó ilé gòkè, àwọn ọmọ ìyá náà sì fi ilé háyà fún ẹni tí yóò sọ ọ́ di ilé ìbùwọ̀, wọ́n kó lọ kọ́ tuntun lẹ́yìn ìlú, níbi tí omi ẹ̀rọ wà tí àyè ọkọ̀ sì wà. Èmi kò dá wọn lẹ́bi. Ṣé àwọn náà kò yẹ lẹ́ni tí í gbádùn ni? Ṣùgbọ́n tẹ́ḿpìlì àdúgbò kò lè kó tẹ̀ lé wọn. Bẹ́ẹ̀ ni àlejò tí ó wá wo sàráà ti mú kí ọlọ́rẹ kúrò lójú títì, òun fúnra rẹ̀ sì ti kúnlẹ̀ sí àyè rẹ̀, pẹ̀lú ìrẹsì tútù tí ó rà lọ́wọ́ akiri. Àwọn àgbà ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran; wọn kò sọ fún wa pé yóò gbé kámẹ́rà dání.

Lọ́sàn-án, Rọraṣe a jókòó sórí ìrọ̀rí létí omi, a máa jẹ ewé odò tí a fi yànmọ̀tí ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ tí a dín gbẹ, a máa mu bíà. Ó wo Mekong, ó yìn ín pé odò yìí mọ bí a ti í rọra. Dáàmù Xayaburi ni ó kọ́ odò náà, dáàmù tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2019 nísàlẹ̀ odò, tí ó mú kí omi kún tí ó sì dúró dé ẹ̀yìn ìlú. Àwọn apẹja kò bá Rọraṣe yìn ín. Lálẹ́ ẹ̀wẹ̀, nígbà tí ó bá di nǹkan bí aago mọ́kànlá àbọ̀, tí àwọn ilé ọtí ń tì nítorí pé ìlú náà kì í pẹ́ sùn, ẹ ó rí eré sísá! Gbogbo àwọn tí ó wá kọ́ sùúrù a dà gììrì sójú títì, wọn a há ara wọn mọ́ inú kẹ̀kẹ́ Márúwá, wọn a forí lé ilé eré kan lẹ́yìn ìlú níbi tí a ti ń yí bọ́ọ̀lù wúwo láti fi bi igi ṣubú, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni wọn kò tíì ti ilẹ̀kùn.

Ìgbà tí ó ṣe, Rọraṣe ṣàkíyèsí pé Luang Prabang ti bàjẹ́. Ó ní àlejò ti pọ̀ jù. Ó sọ ọ́ tìbànújẹ́tìbànújẹ́ fún àlejò mìíràn. Ó ti gbọ́ ìròyìn Nong Khiaw, lórí odò Nam Ou, láàrin àwọn òkè gíga, níbi tí a ṣì lè rí ìrọ̀rùn bí ó ti wà. Àwọn dáàmù tí a mọ sórí Nam Ou kò jẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi gba odò náà lọ tààrà débẹ̀ mọ́, nítorí náà ọkọ̀ akérò kékeré ni ó wọ̀ ní kùtùkùtù, ó jókòó síwájú, ó sì ń bi awakọ̀ bóyá kò lè tẹ̀ ẹ́ sí i díẹ̀, kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn má baà kó gbogbo yàrá ibẹ̀ tán.