Ọjà Ọ̀yìngbò Ò Mọ̀ Pé Ẹ Wọ Góòlù

Ọjà Ọ̀yìngbò ò mọ̀ pé ẹnìkan ò wá. Ẹni tó bá ń fẹ̀ káàkiri àdúgbò pé bí òun ò bá sí níbẹ̀ nǹkan ò ní í rìn, òun ni ará Èkó máa ń fi òwe yìí dá lóhùn. Kó jókòó sílé lọ́jọ́ kan, kó wá bi àwọn alátà bóyá ẹnikẹ́ni tilẹ̀ béèrè òun. Ẹ̀kọ́ ìrẹ̀lẹ̀ ni, ó sì ti pẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ àwa tòde òní ti rí ọ̀nà gba ẹ̀yìn rẹ̀ jáde. A gbà pé ọjà lè má mọ̀ bí a ò bá wá. Bí a bá wá ńkọ́, tí a sì so nǹkan mọ́rùn? Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ nìyẹn!

Ẹ dúró sẹ́bàá ọ̀nà ní àárọ̀ Sátidé, níbi tí èrò ti ń jáde láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin Red Line, kí ẹ má wo ojú ẹnikẹ́ni. Ọrùn ni kí ẹ máa wò. Ọ̀dọ́bìnrin kan rèé, ata àti pọ̀ǹmọ́ ló wá rà. Ṣéènì mẹ́ta ló wà lọ́rùn rẹ̀. Àkọ́kọ́ tín-ín-rín, ó sùn sísàlẹ̀ ọ̀fun, lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ ló ń fì nídìí rẹ̀. Ìkejì gbé owó onírin kan tí kò sẹ́ni tó mọ ìlú tí wọ́n ti ń ná an. Ìkẹta gùn dé ìdodo. Ìgbàkígbà tí ọmọ yìí bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ẹja, ṣéènì ló ń kọ́kọ́ wọnú ọpọ́n lọ bá ẹja náà sọ̀rọ̀. Alhaja kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó to iyùn mọ́rùn títí ó fi kan àgbọ̀n. Iyùn tí wọ́n fi rọ́bà ṣe ni, ó fúyẹ́ débi pé atẹ́gùn danfo tó bá kọjá ń gbé e nílẹ̀.

Oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni Red Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Kìlómítà 27 ni, ibùdó mẹ́jọ, láti Agbádó dé Ọ̀yìngbò. Ìyẹn ni pé ẹni tó so ṣéènì mẹ́ta jáde nílé ní Agbádó ti gbé e kọjá Ìjú, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Mushin àti Yábàá kó tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Ọ̀yìngbò. Ọ̀nà yẹn jìn fún ọ̀ṣọ́ tí ẹnikẹ́ni ò kí. Ẹni tó jókòó tì í ń wo fóònù. Ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ ń ro ti owó ilé. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ti ya fọ́tò kó tó jáde nílé. Instagram ni Ọ̀yìngbò rẹ̀ gan-an. Bó bá pa á tì fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kò sẹ́ni tó máa wá a, àfi ẹni tó fẹ́ ta ṣéènì mìíràn fún un.

Kí n má purọ́ o, àwọn kan wà lọ́jà tó ń wò ó. Alátà ń wò ó. Ìyá tó ti jókòó ti agbọ̀n láti ìdájí ò mọ iye tí ẹ ń gbà lóṣù. Ọrùn yín ló fi ń díwọ̀n.

"Ìyá, èló ni ata yìí?"

"Ẹgbẹ̀rún márùn-ún, Àǹtí."

"Háà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ta."

Ìyá á gbójú sókè. Á wo ṣéènì kìíní, á wo ìkejì, á tẹ̀ lé ìkẹta lọ sísàlẹ̀. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ so Dubai mọ́rùn, ẹ̀yin lẹ tún ń ná ata?"

Ó parí. Ṣéènì tí wọ́n rà ní owó táṣẹ́rẹ́ lójú títì Yábàá ti di owó orí, tí Àǹtí ń san lórí ata, lórí ẹja, lórí àlùbọ́sà, ní gbogbo Sátidé tí Ọlọ́run dá. Bó bá ṣírò rẹ̀ dáadáa, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé owó góòlù gidi ló ti fi ra tómátì.

Ọmọ tó ń já ṣéènì náà ń wò ó. Àwọn àgbà ní ìlẹ̀kẹ̀ má já sílé, má já síta, ibì kan ni yóò já sí. Ti ìlẹ̀kẹ̀ tó ń já fúnra rẹ̀ nìyẹn. Ní ìhà tiwa, ojú fèrèsé danfo ló ti ń já, nígbà tí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ bá mú ọkọ̀, tí èèyàn sì gbé ọrùn síta láti gba atẹ́gùn. Ẹni tó ń já a ò ráyè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá góòlù ni tàbí idẹ. Á kọ́kọ́ já a ná. Góòlù lè jẹ́ ayédèrú, ọgbẹ́ ọrùn kì í jẹ́ ayédèrú.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń bá ọ̀ṣọ́ ọrùn jà. Ilé tí wọ́n ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ la ti wá. Láàárín ọ̀rúndún 11 sí 15, Ilé-Ifẹ̀ ń yọ́ gíláàsì ní Igbó Olókun, wọ́n sì ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Nígbà tí Abídèmí Babalọlá àti àwọn onímọ̀ ìwalẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ wa ilẹ̀ ibẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000 ni wọ́n kó jáde. Irú rẹ̀ ti rìn dé Gao ní ilẹ̀ Mali. Ère ọba tí wọ́n hú ní Ìta Yemòó, ní Ilé-Ifẹ̀ kan náà, lọ́dún 1957 so ìlẹ̀kẹ̀ lé ìlẹ̀kẹ̀, ó sì kún àyà rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń pariwo pé òun ló mú àṣà kí á máa to ṣéènì léra wọ̀lú, kó rọra. Àmọ́ ọba yẹn, adé wà lórí rẹ̀, ọ̀pá àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò dúró ti ọpọ́n ẹja. Iyùn pupa tí à ń dù lónìí náà, òkun Mẹditaréníà ló ti wá, àwọn Potogí ló ń kó o wá sí Bìní láyé ọjọ́un, kì í sì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kàn lè jí lówùúrọ̀ kó gbé kọ́rùn. Ọba ló ń fúnni.

Góòlù gidi ńkọ́? Lọ́dún 2025 ni owó rẹ̀ kọ́kọ́ kọjá dọ́là 3,000 fún áúńsì kan, nígbà tó sì fi máa di oṣù kẹwàá ọdún náà, ó ti kọjá 4,000. Náírà tiwa ti já wálẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún 2023. Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́: sítíìlì ló wà lọ́rùn púpọ̀ nínú wa, tàbí idẹ tí wọ́n fi góòlù pa lára. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Sítíìlì tó bá gbà pé sítíìlì lòun dára, kì í ṣí bọ̀rọ̀, ẹ lè fi wẹ̀. Òǹtẹ̀ 750 ló ń bí mi nínú. Nínú ìdá 1,000, ó yẹ kí 750 jẹ́ góòlù. Òun ni wọ́n ń pè ní kárátì 18. Ní báyìí, wọ́n ń lù ú mọ́ idẹ lára, ẹni tó rà á á sì yí ibi ìkọ́ rẹ̀ síwájú kí á lè rí i kà.

Lórí fóònù, àwọn tó ń kọ́ni ní ọ̀ṣọ́ ń wá ohun tí wọ́n máa fi kún aṣọ. Èmi ń wo ohun tí aṣọ ti ṣe tán. Ọrùn bùbá fẹ̀, kò ní kọ́là. Ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo tó sùn sórí awọ ara nínú àyè yẹn, bí íǹṣì 16 tàbí 18, ti tó. Àdìrẹ gba iyùn, ó gba fàdákà, ó gba owó ẹyọ pàápàá, torí aró máa ń gbé àwọ̀ mìíràn yọ. Àǹkárá tó ní ẹyẹ, agboòrùn àti fáànù lára ti sọ̀rọ̀ tán, kí ni ọrùn tún fẹ́ sọ? Ti léèsì ni mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ihò ni gbogbo ara rẹ̀, ṣéènì sì fẹ́ràn ihò. Mo rí màmá kan lóde òkú, tí ṣéènì rẹ̀ há sí léèsì àyà. Ó tẹrí ba, èèyàn mẹ́ta yí i ká, wọ́n ń tú u. Onígángan rò pé ijó ni, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í náwó fún un. Èèyàn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí kí wọ́n tó rí ìkọ́ náà tú.

Wọ́n tún ń ta ọ̀ṣọ́ ní sẹ́ẹ̀tì: yẹtí, ẹ̀gbà ọrùn, ẹ̀gbà ọwọ́, òrùka. Torí wọ́n rà á ní sẹ́ẹ̀tì, wọ́n á wọ̀ ọ́ ní sẹ́ẹ̀tì lọ ra gàrí. Kò sí òfin tó ní bí yẹtí bá ti jáde nílé, ẹ̀gbà ọrùn gbọ́dọ̀ sìn ín. Fún Ọ̀yìngbò, okùn dúdú tó gbé ìlẹ̀kẹ̀ kan ti tó ẹni tó fẹ́ ná ata bó ṣe yẹ kí wọ́n ná an.

Ohun kan tún wà tí òwe ọjà Ọ̀yìngbò ò mẹ́nu bà. Oòrùn ọ̀sán Ọ̀yìngbò mọ góòlù yẹ̀ wò ju ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù lọ. Bàbà wà nínú idẹ, òun àti òógùn kì í sì í rẹ́. Bí wọ́n bá ti pàdé, ọrùn á di àwọ̀ ewé. Bọ̀dá kan wà nídìí iṣu, ṣéènì rẹ̀ nípọn, ó ṣí bọ́tìnnì mẹ́ta kí a má bàa ṣì í rí. Ìyá oníṣu ti pe owó fún un bí ọrùn rẹ̀ ṣe rí. Wọ́n ń ná an lọ, òógùn ń ṣàn. Nígbà tó yá, ìyá na aṣọ ìnujú sí i.

"Bọ̀dá, ẹ nu ọrùn yín o, ó ti ń dà bí ewédú."

Bọ̀dá fọwọ́ kan ọrùn, ó wo ìka rẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá ti sá lọ.

"Ìyá, ṣé ẹ ti wá rí i báyìí pé mi ò lówó? Ẹ bá mi dín iṣu yẹn kù."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì yọ ẹgbẹ̀rún méjì kúrò.